Èwo ni kí ẹ mú nígbà tí ọkàn ò bá balẹ̀? Ìfiwéra àwọn ọ̀nà tí a fi ń kojú másùnmáwo

Bí ìdààmú bá wọlé, ìmọ̀ràn kì í wọ́n ẹni. Ẹnìkan á ní kí ẹ mí kanlẹ̀, ẹlòmíì á ní kí ẹ lọ rìn, ẹnìkẹta á ní kí ẹ jókòó jẹ́ẹ́, ẹnìkẹrin á ní kí ẹ sọ ohun tó ń dùn yín síta. Òótọ́ ló wà lẹ́nu gbogbo wọn. Ohun tí wọn kì í sábà sọ ni irú ìdààmú tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà fún. Ohun tó ń mú kí àyà tó ń já rọlẹ̀ kọ́ ló ń dá ìrònú tó ń yí po lóru dúró, kò sì sí èyí tó ń san gbèsè nínú méjèèjì. Ẹni tó bá gbìyànjú ọ̀nà kan tí kò ṣiṣẹ́ á wá máa rò pé òun ni àléébù wà lára òun, pé ọkàn òun ò lè balẹ̀ mọ́ láyé. Lọ́pọ̀ ìgbà, ọ̀nà tó wà fún nǹkan mìíràn ló lò.

Nítorí náà ni mo ṣe tò wọ́n síhìn-ín ní méjì-méjì, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì, kí ẹ lè rí èyí tó bá ohun tó ń ṣe yín mu.

## Ṣé ọ̀rọ̀ náà ni kí ẹ yanjú, àbí ọkàn yín ni kí ẹ tọ́jú?

Ìbéèrè yìí ló ṣíwájú gbogbo ìyókù. Ní 1984, Richard Lazarus àti Susan Folkman, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìwà ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, pín ọ̀nà tí èèyàn ń gbà kojú ìnira sí méjì: èyí tó dojú kọ ohun tó fa ìnira náà gan-an, àti èyí tó dojú kọ bí ìnira náà ṣe ń ṣe wá. Gbèsè, iṣẹ́ tó pọ̀ ju agbára ẹni lọ, aáwọ̀ pẹ̀lú ọ̀gá, ìwé tó yẹ kí ẹ ti fi ránṣẹ́: gbogbo ìwọ̀nyí ní ibi tí ọwọ́ lè tó. Ikú ẹni tí a fẹ́ràn, àìsàn tí èsì àyẹ̀wò rẹ̀ kò tíì jáde, ogun, ìpinnu tó wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn: ọwọ́ wa ò tó wọn.

Ẹni tí gbèsè wà lọ́rùn rẹ̀, tó ń mí kanlẹ̀ láràárọ̀, tó ń ṣe àṣàrò lálaalẹ́, àmọ́ tí kò ṣí lẹ́tà tí wọ́n kọ sí i, ara rẹ̀ á rọlẹ̀ fún wákàtí díẹ̀, èlé á sì máa gorí èlé. Ẹni tó sì ń dúró de èsì àyẹ̀wò, tó fi gbogbo òru wá orúkọ àìsàn kiri orí íntánẹ́ẹ̀tì, ó ń yanjú ohun tí kò tíì sí níwájú rẹ̀. Ojú rẹ̀ á ràn, ẹ̀rù rẹ̀ á le sí i, èsì ò sì ní tìtorí ẹ̀ yá. Ẹni àkọ́kọ́ ń tọ́jú ọkàn níbi tó yẹ kó ti ṣiṣẹ́. Ẹnìkejì ń ṣiṣẹ́ níbi tó yẹ kó ti tọ́jú ọkàn.

Bí ẹ ò bá mọ èyí tí tiyín jẹ́, ẹ mú ìwé kan. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ ní gbólóhùn kan ṣoṣo. Lábẹ́ rẹ̀, ẹ kọ ìbéèrè yìí: kí ni mo lè ṣe sí i kí ọ̀la tó ṣú? Bí ìdáhùn bá jẹ́ nǹkan tí ẹsẹ̀, ọwọ́ tàbí ẹnu lè ṣe, bíi kí ẹ pe ẹnìkan, kí ẹ lọ síbì kan, kí ẹ bẹ̀bẹ̀ fún àfikún ọjọ́, ẹ ṣe é kí ẹ tó wá ìfọ̀kànbalẹ̀ kankan. Bó bá jẹ́ "ká ní" àti "bóyá" ló ń wá ṣáá, ọkàn ló ń fẹ́ ìtọ́jú.

Èyí tó pọ̀ jù nínú ìṣòro ló ní apá méjèèjì. Bí ìyá yín bá ń ṣàìsàn, ẹni tó máa sìn wọ́n lọ sílé ìwòsàn, owó òògùn àti ẹni tó máa sùn tì wọ́n jẹ́ ohun tí a lè tò. Bóyá wọ́n máa gbádùn kò sí lára ohun tí a lè tò. Ẹ pín in sí méjì lórí ìwé, kí apá tí ẹ ò lè ṣe nǹkan sí má bàa gba agbára tí ẹ fẹ́ lò fún apá tí ẹ lè ṣe.

Ohun kan ṣì wà o. Nígbà tí ara bá ń gbọ̀n, kò sẹ́ni tó lè ronú dáadáa. Ẹ lè kọ́kọ́ lo ìṣẹ́jú díẹ̀ láti mú ara rọlẹ̀, kí ẹ tó padà sórí ìwé yẹn. Ìyẹn ni àwọn ọ̀nà tó tẹ̀ lé e yìí wà fún.

## Èémí àbí iṣan ara?

Ní 1915, Walter Cannon ní Yunifásítì Harvard ṣàlàyé bí ara ṣe ń gbára dì nígbà tí ewu bá yọjú, bóyá láti jà tàbí láti sá. Adrenaline, èròjà tí ara fúnra rẹ̀ ń pèsè, á tú sínú ẹ̀jẹ̀, ọkàn á máa lù kìkì, èémí á yá, iṣan á le, oúnjẹ ò sì ní dà bó ṣe yẹ. Ní 1936, Hans Selye, tó ń ṣèwádìí ní Kánádà, tẹ èsì iṣẹ́ tó fi eku ṣe jáde. Ó rí i pé oríṣiríṣi ìnira ló ń mú àwọn àmì kan náà wá nínú ara, àti pé bí ìnira náà bá pẹ́, ara á rẹ̀ débi tí kò fi ní lè gbà á mọ́. Ìyẹn ló fi yẹ ká wá bí ara á ṣe máa sinmi láàárín, kódà nígbà tí ìṣòro náà ò tíì tán.

A ò lè pàṣẹ fún ọkàn pé kó lù díẹ̀díẹ̀. Àmọ́ nínú ohun tí Cannon kà sílẹ̀ yẹn, méjì wà tí àṣẹ wa tó: èémí àti iṣan.

Bí a ṣe ń lo èémí rèé. Ẹ fi imú fa afẹ́fẹ́ sínú títí àyà á fi kún. Kí ẹ tó tú u sílẹ̀, ẹ tún fa díẹ̀ lé e, bí ìgbà tí ọmọ tó sunkún tán bá ń ṣe ṣẹ́kẹ́-ṣẹ́kẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ẹnu tú gbogbo rẹ̀ síta pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí títú síta náà gùn ju fífà sínú lọ dáadáa. Ẹ tún un ṣe. Iṣẹ́ ńlá wà nínú títú síta yẹn: bí a bá mí sínú, ọkàn á yára díẹ̀, bí a bá mí síta, á fà sẹ́yìn. Vagus ni wọ́n ń pe okùn inú ara tó ń gbé ọ̀rọ̀ náà láti ọpọlọ wá sí àyà àti ikùn. Lọ́dún 2023, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Stanford tẹ ìwádìí kan jáde tí wọ́n ti fi irú èémí yìí wé àṣàrò, ìṣẹ́jú 5 lóòjọ́ fún oṣù kan. Àníyàn dín kù fún gbogbo wọn, ṣùgbọ́n inú àwọn tó ń mí kanlẹ̀ dùn sí i ju ti àwọn tó ṣàṣàrò lọ.

Ibi tí àwọn èèyàn ti ń ṣì í ni pé wọ́n gbọ́ "mí dáadáa", wọ́n wá ń mí gúlegúle. Bí a bá ń mí kíkankíkan, carbon dioxide, afẹ́fẹ́ tí a ń mí síta, tó yẹ kó kù sínú ẹ̀jẹ̀ á jáde jù. Òòyì á bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ni, ètè àti ìka á máa ṣe wìnnìwìnnì bíi pé abẹ́rẹ́ ń gún wọn, ẹ̀rù á sì wá pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìfarabalẹ̀ ló ṣe pàtàkì jù. Àgbàlagbà tó jókòó jẹ́ẹ́ máa ń mí ní ìgbà 12 sí 20 láàárín ìṣẹ́jú kan; ẹni tó bá ń mí pẹ̀lẹ́ lọ́nà yìí lè sọ̀ kalẹ̀ sí nǹkan bí 6.

Ti iṣan ara yàtọ̀. Edmund Jacobson, dókítà ará Amẹ́ríkà, ló gbé e jáde ní 1929. Ohun tó rí ni pé bí iṣan bá tú pátápátá, àníyàn kì í rí ibi jókòó sí. Ẹ dùbúlẹ̀ tàbí kí ẹ fẹ̀yìn ti àga. Ẹ di ẹ̀ṣẹ́ yín gírígírí, kí ẹ kà á dé márùn-ún tàbí méje, kí ẹ wá tú u lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ má tíì lọ síbòmíràn. Ẹ jẹ́ kí ọwọ́ náà wà bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, kí ẹ kíyè sí bó ṣe ń gbóná díẹ̀, bó ṣe ń wúwo, bí ìka ṣe ń ṣí fúnra wọn. Lẹ́yìn ìyẹn ló kan apá, iwájú orí, ojú, párì, èjìká, ikùn, itan, ojúgun, títí dé ọmọ ìka ẹsẹ̀. Ibi tó máa ya ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́nu ni párì àti èjìká. Ìgbà tí ẹ bá tú èjìká yín sílẹ̀ lẹ ó mọ̀ pé ó ti sún mọ́ etí láti àárọ̀. Bí ibì kan bá ti fara pa, ẹ fo ibẹ̀.

Èwo ni kí ẹ mú? Níbi tí ojú èèyàn wà, bí ẹ bá wà lórí ìlà, tí ẹ fẹ́ wọlé ìdánwò, tí ọ̀gá ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, èémí ni, torí kò sẹ́ni tó máa mọ̀ pé ẹ ń ṣe é. Fún ọrùn tó le, orí tó ń fọ́ láti ẹ̀yìn wá, eyín tí a ń wà pọ̀ lójú oorun, iṣan ló dára jù. Ẹ̀rù tún máa ń ba àwọn kan sí i tí wọ́n bá ń ṣọ́ èémí ara wọn, pàápàá àwọn tó ní ikọ́ fée tàbí tí jìnnìjìnnì máa ń dédé bò. Kí wọ́n má fi tipátipá lo èémí. Iṣan á ṣe é fún wọn.

Mo to àwọn tó jẹ mọ́ ara sínú àtẹ yìí kí ẹ lè rí wọn papọ̀. Ọ̀rọ̀ lórí méjì tó gbẹ̀yìn ń bọ̀ nísàlẹ̀.

| Ọ̀nà | Àkókò tó ń gbà | Ibi tó ti wúlò jù | Ẹni tó yẹ kó ṣọ́ra |
|---|---|---|---|
| Mímí kanlẹ̀ pẹ̀lẹ́ | ìṣẹ́jú 1 sí 5 | àyà tó ń já, láàárín èèyàn | ẹni tí ṣíṣọ́ èémí ń bà lẹ́rù |
| Líle iṣan àti títú u | ìṣẹ́jú 15 sí 20 | ara ríro, kí a tó sùn | ẹni tó ní ọgbẹ́ tàbí egungun tó fọ́ |
| Àṣàrò | ojoojúmọ́, fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ | àníyàn tó ti di bárakú | ẹni tí ìran burúkú ń padà wá bá |
| Ìrìn àti eré ìmárale | ìṣẹ́jú 150 sí 300 lọ́sẹ̀ | ìbínú, ara tí kò lélẹ̀, ìrẹ̀wẹ̀sì | ẹni tó ní àìsàn ọkàn, kó bi dókítà rẹ̀ ná |

## Kí ẹ jókòó jẹ́ẹ́ àbí kí ẹ dìde?

Àṣàrò tí mò ń wí kò ní awo nínú. Herbert Benson, dókítà tó ń tọ́jú àìsàn ọkàn ní Harvard, ló fi yé gbogbo ayé ní 1975 pé ohun méjì péré ló gbà: kí èèyàn máa tún ọ̀rọ̀ kan, ìró kan tàbí àdúrà kúkúrú kan sọ, kí ó sì máa padà síbẹ̀ láìbá ara rẹ̀ wí nígbàkígbà tí ìrònú bá gbé e lọ. Ara á dáhùn: èémí á fà sẹ́yìn, lílù ọkàn á rọlẹ̀. Ẹni tó bá ti ń gbàdúrà tẹ́lẹ̀ ti mọ ọ̀nà yìí dé ìdajì. Ohun tó kù ni kó dín ẹ̀bẹ̀ kù, kó dúró lórí gbólóhùn kan ṣoṣo.

Lọ́dún 1979, Jon Kabat-Zinn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ àṣàrò fún àwọn aláìsàn ní ilé ìwòsàn Yunifásítì Massachusetts, ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ 8. Àwọn olùwádìí fi ẹ̀kọ́ yìí wé escitalopram, òògùn àníyàn tí àwọn dókítà ń kọ fún èèyàn púpọ̀, láàárín àgbàlagbà 276 tí àníyàn wọn ti di àìsàn. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ 8 pé, àṣàrò kò rẹ̀yìn lẹ́yìn òògùn. Ṣùgbọ́n ẹ wo iye iṣẹ́ tó wà níbẹ̀: kíláàsì bíi wákàtí méjì ààbọ̀ lọ́sẹ̀, àti ìṣẹ́jú 45 nílé lójoojúmọ́. Ẹni tó fi ìṣẹ́jú mẹ́ta gbìyànjú ẹ̀ lórí fóònù, tó wá ní kò ṣiṣẹ́ fún òun, kò tíì dán an wò.

Fún ìdààmú tuntun tó ṣì ń gbóná lára, mi ò ní sọ pé kí ẹnikẹ́ni jókòó. Ara ti pèsè agbára sílẹ̀ láti sá tàbí láti jà, ẹ jẹ́ kó lò ó. Ẹ rìn kíákíá, ẹ gun àtẹ̀gùn, ẹ gbá ilẹ̀ gbogbo ilé. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ní kí àgbàlagbà máa fi ìṣẹ́jú 150 sí 300 lọ́sẹ̀ ṣe ohun tó ń mú kí èémí yá díẹ̀, àmọ́ tí èèyàn ṣì lè sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Kò pọn dandan kó jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan náà. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá níhìn-ín, mẹ́wàá lọ́hùn-ún, ó ń kún.

Ìrẹ̀wẹ̀sì náà fẹ́ ìrìn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ní jẹ́ kó wù yín. Ẹ má dúró de ìgbà tó máa wù yín. Ẹ wọ bàtà, kí ẹ dé ìta, bí ẹ bá fẹ́ padà lẹ́yìn ìyẹn, ẹ padà.

Àwọn tí ojú wọn ti rí nǹkan tó burú jáì, àṣàrò lójú dídì lè gbé ìran náà padà wá. Kí wọ́n lajú sílẹ̀, tàbí kí wọ́n kúkú máa rìn.

Ti ìbínú ní ìkìlọ̀ tirẹ̀. Èrò tó gbilẹ̀ ni pé kí ẹni tínú ń bí lu nǹkan, kí inú náà lè tú. Brad Bushman, onímọ̀ nípa ìwà ẹ̀dá, dán èyí wò pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ 600, ó sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 2002. Àwọn tó lu àpò ẹ̀ṣẹ́ tí wọ́n sì ń ro ẹni tó mú wọn bínú ni inú wọn ru jù lọ. Àwọn tó jókòó láìṣe nǹkan kan ni tiwọn rọlẹ̀ jù. Nítorí náà, bí ẹ bá ń bínú tí ẹ sì ń rìn, ẹ wá ohun mìíràn tí ẹ máa fọkàn rò. Bí ẹ bá ń rìn tí ẹ sì ń tún èsì tí ẹ̀ bá ti fún un sọ lọ́kàn yín, ìbínú lẹ̀ ń bọ́ lóúnjẹ.

## Kíkọ sílẹ̀ àbí sísọ fún èèyàn?

Lọ́dún 1986, àwọn olùwádìí méjì, James Pennebaker àti Sandra Beall, ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan máa kọ nípa ohun tó dùn wọ́n jù láyé wọn, ìṣẹ́jú 15 lálẹ́ kan, fún alẹ́ mẹ́rin tẹ̀léra. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń kọ ọ́, inú wọn bàjẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀. Ní oṣù mẹ́fà tó tẹ̀ lé e, àwọn tó kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ pa pọ̀ mọ́ bó ṣe rí lára wọn kò lọ sílé ìwòsàn ilé ẹ̀kọ́ tó àwọn yòókù. Ó ṣe pàtàkì kí ẹ mọ ti inú bíbàjẹ́ yẹn ṣáájú, torí ibẹ̀ lọ̀pọ̀ ti ń pa ìwé dé. Bí ẹ bá fẹ́ kọ ọ́, ẹ má ronú nípa àmì ohùn tàbí bí gbólóhùn ṣe tò. Ẹ lè fa ìwé náà ya lẹ́yìn náà. Bó bá di pé ohun kan náà lẹ̀ ń kọ lálẹ́ kìíní, ìkejì, ìkẹta, láìsí ohun tuntun kankan, ẹ dáwọ́ dúró, kí ẹ wá èèyàn.

Èèyàn ń ṣe ohun tí ìwé ò lè ṣe: ó ń wò yín lójú, ó ń béèrè, ó lè sọ pé "èmi ò rí i bẹ́ẹ̀ o." Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ìtàkùrọ̀sọ ló ń tuni lára. Amanda Rose, onímọ̀ nípa ìdàgbàsókè ọmọ, kọ ní 2002 nípa àwọn ọ̀dọ́ tó ń bá ọ̀rẹ́ wọn jíròrò ìṣòro kan náà láìdábọ̀. Ọ̀rẹ́ wọn wọ̀ gan-an, ṣùgbọ́n àníyàn àti ìbànújẹ́ wà lára wọn ju ti ẹgbẹ́ wọn lọ. Àwọn àgbàlagbà náà ń ṣe é lórí fóònù, wákàtí méjì, gbogbo ọ̀rọ̀ á dá lórí ohun tí ọkọ ṣe tàbí ohun tí ọ̀gá wí, ojúmọ́ kejì á mọ́, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ láti orí. Ẹ fi èyí mọ ìyàtọ̀: nígbà tí ẹ gbé fóònù sílẹ̀, ṣé ojú tí ẹ fi ń wo ọ̀rọ̀ náà yàtọ̀ díẹ̀, tàbí ẹ ní ohun kan láti ṣe? Bí kò bá sí ọ̀kankan nínú méjèèjì, ẹ dín irú ìpè bẹ́ẹ̀ kù, kí ẹ má sì torí ẹ̀ dín ọ̀rẹ́ náà kù.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ sọ ohun tí ẹ ń fẹ́. "Mi ò tíì fẹ́ ìmọ̀ràn, ẹ kàn gbọ́ mi ná." Tàbí: "Ẹ bá mi wá ọ̀nà àbáyọ." Àgbà tó fẹ́ràn yín á tètè fẹ́ tọ́ yín sọ́nà, ọ̀rẹ́ á fẹ́ bá yín bínú sí ẹni tó ṣẹ̀ yín, méjèèjì sì lè má jẹ́ ohun tí ẹ wá. Bí ẹ bá sọ ọ́ tìfẹ́tìfẹ́, kò sẹ́ni tó máa kà á sí àrífín.

Bó bá jẹ́ ẹ̀yin ni wọ́n wá bá, ẹ má fi dandan lé e pé kí ẹni tí jàǹbá ṣẹ̀ṣẹ̀ bá ròyìn ohun tójú ẹ̀ rí. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn òṣìṣẹ́ ìlera fi ń kó irú àwọn bẹ́ẹ̀ jọ kí wọ́n lè sọ gbogbo rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. WHO kò fara mọ́ ọn mọ́. Èyí tí àjọ náà gbé jáde ní 2011 dúró lórí nǹkan mẹ́ta: kí a wò, kí a gbọ́, kí a so ẹni náà pọ̀ mọ́ ohun àti àwọn tó lè ràn án lọ́wọ́. Omi, aṣọ ìbora, ibi tó máa sùn, nọ́ńbà ẹbí rẹ̀: ẹ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Bó bá fẹ́ sọ̀rọ̀, ẹ gbọ́ ọ. Bó bá dákẹ́, ẹ jókòó tì í.

## Bí oorun bá kọ̀

Ẹ lè dùbúlẹ̀ kí ẹ máa bá oorun jà, tàbí kí ẹ dìde. Mo fara mọ́ kí ẹ dìde. Bí ẹ bá ti yí síhìn-ín yí sọ́hùn-ún fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú, ẹ kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹ lọ síbi tí iná ò ti mọ́lẹ̀ jù, kí ẹ má padà àfi tí oorun bá ń kun yín, kí ara yín má bàa mọ ibùsùn sí ibi àníyàn.

Fún ìrònú tó máa ń dúró de òru kó tó dé, olùwádìí Thomas Borkovec àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dán ọ̀nà kan wò ní 1983: kí èèyàn ya ààbọ̀ wákàtí sọ́tọ̀ lójoojúmọ́, ní àkókò kan náà, níbì kan náà, fún àníyàn nìkan. Bí ìrònú bá dé lásìkò mìíràn, ẹ ní kó di ìgbà yẹn. Ó ń ṣiṣẹ́ nítorí pé "kò tíì yá" rọrùn fún ọkàn láti gbà ju "má ronú ẹ̀ mọ́" lọ. Kí àkókò náà má sún mọ́ ìgbà oorun.

Kọfí ń pẹ́ nínú ara. Lẹ́yìn nǹkan bíi wákàtí márùn-ún, ìdajì caffeine inú rẹ̀, èròjà tó ń lé oorun, ṣì wà níbẹ̀. Ọtí ní tirẹ̀ ń tètè muni sùn, á sì jí ni láàárín òru. Nínú gbogbo ohun tí a ń fi pa ìrònú rẹ́, òun ni mo bẹ̀ yín jù pé kí ẹ má sọ di àṣà, torí ìwọ̀n tó tó lónìí kò ní tó lóṣù tó ń bọ̀.

## Ọwọ́ ara yín àbí ọwọ́ dókítà?

Gbogbo ohun tí mo kà sókè yìí wà fún ẹni tó ṣì ń dìde láàárọ̀, tó ń jẹun, tó ń ṣe ojúṣe rẹ̀, bó tilẹ̀ nira. Bó bá ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tí ìbànújẹ́ tàbí àìnífẹ̀ẹ́ sí nǹkan kan ti wà lójoojúmọ́, tí oorun tàbí oúnjẹ ti yí padà gan-an, tí iṣẹ́ ò ṣeé ṣe mọ́, ẹ lọ rí dókítà. Bí èrò pé ó sàn kí ẹ kú bá ń wá, ẹ má dúró de ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ má sì dá wà. Ẹ sọ fún ẹni tó sún mọ́ yín jù lónìí, kí ẹ jọ lọ sílé ìwòsàn. Bákan náà, bí àyà bá ń dùn yín bíi pé nǹkan wúwo lé e, tí ìrora náà ń lọ sí apá tàbí párì, tí ẹ ò lè mí, ẹ má kàn gbà pé másùnmáwo ni. Ẹ jẹ́ kí dókítà yẹ̀ ẹ́ wò kíákíá.

Nílé ìwòsàn, ọ̀nà méjì ni wọ́n sábà máa ń gbé síwájú yín. Ọ̀kan ni ìtọ́jú nípa ìjíròrò, irú èyí tí dókítà Aaron Beck bẹ̀rẹ̀ ní àwọn ọdún 1960, níbi tí ẹ̀yin àti onímọ̀ náà á ti máa yẹ èrò yín wò lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ dán an wò bóyá òótọ́ ni. Ó ń gba ọ̀sẹ̀ púpọ̀, ó sì ń fẹ́ iṣẹ́ láàárín ìpàdé kan sí èkejì, ṣùgbọ́n ohun tí ẹ kọ́ níbẹ̀ máa ń bá yín gbé. Èkejì ni òògùn. Òògùn ìrẹ̀wẹ̀sì àti àníyàn sábà máa ń gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó ràn, kò sì yẹ kí ẹ dá a dúró lójijì láìsọ fún dókítà. Fún ẹni tí ara rẹ̀ ti wó débi tí kò lè gbọ́ ìjíròrò, òògùn lè gbé e dìde dé ibi tí á ti gbọ́. Wọ́n lè lo méjèèjì pọ̀, kò sì sí ìtìjú nínú èyíkéyìí.

Òògùn oorun àti òògùn amáratuni bíi diazepam yàtọ̀ sí ìwọ̀nyẹn. Kíákíá ni wọ́n ń ṣiṣẹ́, kíákíá náà ni wọ́n ń di bárakú. Ní 2013, WHO ní kí wọ́n má fi irú wọn tọ́jú ìdààmú àgbàlagbà láàárín oṣù àkọ́kọ́ tí ohun ìbẹ̀rù bá ṣẹlẹ̀ sí i. Ẹ má gbà wọ́n lọ́wọ́ ará ilé tó ní tirẹ̀ tó kù.

Kí ẹ tó lọ, ẹ kọ nǹkan díẹ̀ sínú ìwé: ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, wákàtí tí ẹ ń sùn, ohun tí ẹ ti pa tì tí ẹ máa ń ṣe tẹ́lẹ̀, òògùn àti ọtí tí ẹ ń lò, iye tó jẹ́ gan-an. Ẹ mú ìwé náà lọ́wọ́ wọlé kí ẹ sì fún wọn kà, torí bí dókítà bá béèrè bí ara ṣe rí, "dáadáa ni, sà" ló máa kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu yín.